Ẹ̀rí Etí àti Ẹ̀rí Òṣùwọ̀n: Ìṣelámèyítọ́ Ìdájọ́ lórí Àtúntò Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ ní Alímọ̀ṣọ́

1. ÌFÁÀRÀ

Alímọ̀ṣọ́ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò pọ̀ sí jù lọ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìkànìyàn ọdún 2006 fi hàn pé àwọn tí ń gbé ibẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ. Láti Ìgàndó dé Ìkọ̀tún, láti Ìkọ̀tún gba Ìdímù lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá, títí dé Ìyànà Ìpájà, dánfó, kọ̀rọ̀pẹ̀ àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wá oúnjẹ òòjọ́. Ẹ̀bá àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ni àwọn mẹkáníìkì pa àtíbàbà wọn sí. Iṣẹ́ wọn kò mọ sí kí wọ́n tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe. Wọ́n a tún máa yí ẹ́ńjìnnì tí kò bàjẹ́ padà, kí ó lè ní agbára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tàbí kí epo tí ó ń mu lè dín kù. Àwọn awakọ̀ mìíràn a sì máa fi ọwọ́ ara wọn ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀rọ̀ àtijẹ-àtimu láti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, iye owó lítà kan ní Èkó kúrò ní ohun tí kò tó 200 náírà, ó lọ sókè ju 480 náírà lọ. Nígbà tí ó fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 náírà. Awakọ̀ tí ó gbọ́dọ̀ kó owó fún olówó ọkọ̀ lálaalẹ́, tí ó sì gbọ́dọ̀ san owó àgbèrò kí ilẹ̀ tó ṣú, kò lè fi etí dídi gbọ́ ẹni tí ó bá ní òun mọ ohun tí òun lè ṣe sí ẹ́ńjìnnì tí epo yóò fi pẹ́ nínú táǹkì. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ òótọ́, ilé rẹ̀ jèrè. Bí ó bá jẹ́ irọ́, ó ti pàdánù owó iṣẹ́, yóò sì tún máa pàdánù owó epo lọ láìfura.

Àpilẹ̀kọ yìí kò dá lórí bí wọ́n ṣe ń yí ẹ́ńjìnnì padà. Ohun tí ó ń ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ ni ìdájọ́ tí ó máa ń tẹ̀lé iṣẹ́ náà: àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé èrè wà níbẹ̀, àti ẹ̀rí tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lé. Kókó tí ó ń fẹ̀ lójú ni pé etí mẹkáníìkì jẹ́ ẹlẹ́rìí tí ó ṣeé gbọ́kàn lé nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí ó tó nígbà tí wọ́n bá ń wá èrè kékeré lára ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ le. Nítorí pé èdè kan náà ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nípa méjèèjì, ìyì tí ẹlẹ́rìí náà ní níbi àkọ́kọ́ ni ó ń gbé lọ síbi kejì, níbi tí kò ti ní ẹ̀tọ́ sí i.

2. 'TÚN ṢE': ÈDÈ TÍ Ó BO ÌYÀTỌ̀ MỌ́LẸ̀

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni wọ́n ń lò fún iṣẹ́ méjèèjì. 'Tún un ṣe' ni wọ́n ń sọ nípa ẹ́ńjìnnì tí ó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. 'Tún un ṣe' náà ni wọ́n ń sọ nípa èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa tí wọ́n fẹ́ kí ó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú èdè Yorùbá, 'tún' lè túmọ̀ sí kí nǹkan padà sí ipò tí ó wà tẹ́lẹ̀, ó sì lè túmọ̀ sí kí ènìyàn ṣe nǹkan náà lọ́tun ní ọ̀nà mìíràn. Kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́jú pọ̀, àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pe ti àkọ́kọ́ ní àtúnṣe, yóò sì máa pe èkejì ní àtúntò.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì ju ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lọ. Àtúnṣe ní ẹlẹ́rìí tirẹ̀ nínú ara rẹ̀. Ọkọ̀ tí kò ṣí lánàá, tí ó ṣí lónìí, kò nílò ìwé àkọsílẹ̀ kí ayé tó gbà pé wọ́n tún un ṣe. Ṣùgbọ́n èrè àtúntò kì í sábà pọ̀. Ó lè jẹ́ méjì nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè jẹ́ márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì lè máà sí rárá. Ohun tí ó kéré tó báyìí kì í pariwo.

Bí a bá fi ojú ṣùnnùkùn wo èdè tí ó ń jáde lábẹ́ àtíbàbà, èdè ìṣègùn ni. Ẹ́ńjìnnì a máa húkọ́, a máa gbóná, kì í lè mí dáadáa, òùngbẹ epo a sì máa gbẹ ẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Ìfohunpènìyàn ni gbogbo rẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Nígbà tí wọ́n bá ní ẹ́ńjìnnì ń húkọ́, ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí ni pé iná kò ran epo ní ojú kan lára àwọn ojú tí ó yẹ kí ó ti ràn án. Nígbà tí wọ́n bá ní kò lè mí, asẹ́ afẹ́fẹ́ ni ó dí. Ọ̀gá mẹkáníìkì tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kí ó sọ púlọ́ọ̀gì tí ó ti kú, ọmọ iṣẹ́ tí ó bá yọ ọ́ yóò sì rí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìmọ̀ gidi ni èyí, ẹni tí ó bá fojú tẹ́ḿbẹ́lú rẹ̀ kò mọ ohun tí ó ń sọ.

Àpẹẹrẹ mìíràn tún fi ọlá etí hàn. Lára ẹ́ńjìnnì àtijọ́, irú ti dánfó Volkswagen, wọ́n lè fi ọwọ́ yí àkókò tí iná ń ràn sí iwájú tàbí sí ẹ̀yìn. Bí iná bá ń ràn ṣáájú díẹ̀, agbára ń pọ̀ sí i. Bí ó bá ti pọ̀ jù, ìró kan yóò bẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Ìró yìí ni ààlà. Mẹkáníìkì tí ó yí i títí tí ó fi gbọ́ ọ, tí ó sì dá a padà sẹ́yìn díẹ̀, ti lo etí rẹ̀ bí òṣùwọ̀n tòótọ́, nítorí pé ohun tí ó ń wá ní ohùn tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n fi ń ròyìn èrè? Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ti jí. Wọ́n ní ó ti fúyẹ́. Wọ́n ní ó ti ń fà. Ọ̀rọ̀ ìlera ni ìwọ̀nyí pẹ̀lú. Ẹni tí ara rẹ̀ yá, ara rẹ̀ yá náà ni. Ìmúláradá kò ní márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, nígbà tí èdè ìṣègùn bá kúrò lórí àtúnṣe tí ó sì bọ́ sórí àtúntò, kò sí àyè nínú rẹ̀ fún ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù lọ: 'Mélòó?'

3. ÀPẸẸRẸ MẸ́TA

Èyí àkọ́kọ́ ni yíyọ tẹmosítáàtì. Tẹmosítáàtì ni ìdérí kékeré tí ó ń dí ọ̀nà omi láàárín ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀ títí omi náà yóò fi gbóná dé ìwọ̀n kan, èyí tí ó sábà máa ń wà láàárín 82 sí 95 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ní Nàìjíríà gbà pé ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ṣe é fún, wọ́n a sì yọ ọ́ sọnù. Ọwọ́ géèjì a wálẹ̀, awakọ̀ a sì dúpẹ́. Bí tẹmosítáàtì náà bá ti há tẹ́lẹ̀ tí kò ṣí mọ́, ọpẹ́ yẹ, nítorí pé àìsàn ni wọ́n wò. Bí ó bá jẹ́ pé ara rẹ̀ le, ohun tí géèjì ń sọ yàtọ̀ sí ohun tí awakọ̀ ń gbọ́. Ẹ́ńjìnnì tí ó tutù jù kì í jó epo tán dáadáa. Nínú ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe àkóso epo rẹ̀, kọ̀ǹpútà náà yóò gbà pé ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí láàárọ̀ ni, yóò sì máa bu epo kún epo. Ohun tí wọ́n wọ̀n ni ooru, ohun tí wọ́n ń wá ni epo. Òṣùwọ̀n wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ọjà tí wọ́n ń ná.

Àpẹẹrẹ kejì ni yíyọ katalíìsì, èyí tí inú rẹ̀ rí bí afárá oyin, tí èéfín ń gbà kọjá kí ó tó dé sàìlẹ́ńsà. Bí afárá náà bá ti dí, yíyọ rẹ̀ yóò dá agbára padà fún ọkọ̀, àtúnṣe sì ni èyí. Bí kò bá dí, èrè tí ó wà nínú yíyọ rẹ̀ kéré. Ohun tí ó ń pọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ariwo. Etí ènìyàn a sì máa ka ariwo sí agbára, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó bá gbọ́ ohùn gíga nínú ìjà ṣe máa ń rò pé ẹni tí ó ni ohùn ni yóò dá ẹnì kejì. Ohun mìíràn tún wà tí wọn kì í kà mọ́ ìṣirò náà. Iṣẹ́ afárá yìí ni láti sọ gáàsì olóró di èyí tí kò burú tó bẹ́ẹ̀. Bí èrè kan bá wọ àpò awakọ̀, ọmọdé tí ó ń dúró de ọkọ̀ ilé-ìwé ní Ẹ̀gbẹ́dá àti ìyá tí ó ń din àkàrà ní ẹ̀bá títì ni wọ́n ń fi imú san gbèsè rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kẹta ni fífa wáyà tí ó so ibi tí awakọ̀ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, lára àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ṣì ń lo wáyà. Bí wáyà náà bá ti dẹ̀, tí wọ́n sì fà á le, ẹsẹ̀ díẹ̀ ni yóò ṣí ọ̀nà púpọ̀. Awakọ̀ yóò fi ẹsẹ̀ kàn án, ọkọ̀ yóò sì fò síwájú. Kò sí ẹni tí kò ní í sọ pé ẹ́ńjìnnì náà ti jí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà afẹ́fẹ́ bá ti lè ṣí tán pátápátá tẹ́lẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, agbára ẹ́ńjìnnì kò fi ohunkóhun lé sí i. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń pàdé agbára náà nìkan ni ó yí padà. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, àfojúbà gan-an kò tó.

4. OHUN TÍ Ń DA ÌDÁJỌ́ RÚ

Yàtọ̀ sí etí àti ẹsẹ̀, ohun mẹ́rin mìíràn tún wà tí ó lè mú kí àtúntò tí kò ṣe nǹkan kan dà bí ẹni pé ó ṣiṣẹ́.

Èkíní ni ojú ọjọ́. Afẹ́fẹ́ tútù a máa ki ju afẹ́fẹ́ gbígbóná lọ. Láàárín òwúrọ̀ tí ó jẹ́ 24 lórí òṣùwọ̀n Celsius àti ọ̀sán tí ó jẹ́ 33, kíki afẹ́fẹ́ yàtọ̀ ní nǹkan bí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, agbára tí ẹ́ńjìnnì lè mú jáde bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ yóò sì yàtọ̀ ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ tí ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá sí Ìkọ̀tún lọ́sàn-án, tí ó sì fi tó ilẹ̀ kejì mọ́ kí ó tó gbé e jáde, ti gba èrè kan lọ́wọ́ òwúrọ̀ tí yóò fún mẹkáníìkì ní ọpẹ́ rẹ̀.

Èkejì ni ẹrù. Nígbà tí mẹkáníìkì bá fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn, ọkọ̀ òfìfo ni ó máa ń gbé jáde. Ṣùgbọ́n èrò 14, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá wọn kìlógírámù 65, jẹ́ kìlógírámù 910. Ìdájọ́ tí wọ́n ṣe lórí ọkọ̀ òfìfo kò lè jẹ́ ìdájọ́ fún ọkọ̀ tí yóò gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láti Ìgàndó lọ sí Ìyànà Ìpájà.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọjọ́ Ajé kì í ṣe ti ọjọ́ Àìkú, ti ọjọ́ òjò kì í sì í ṣe ti ọjọ́ ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ó dúró lójú kan ń mu epo láìrin kìlómítà kan. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọjọ́ kan àti èkejì ní oríta Ìkọ̀tún lè gbé èrè àtúntò mì láìfi àmì sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni owó. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í ka lítà. Owó tí wọ́n fi ra epo ni wọ́n ń kà. Bí lítà kan bá jẹ́ 500 náírà, 20,000 náírà ra 40 lítà. Bí ó bá di 1,000 náírà, iye owó kan náà ra 20 lítà. Ẹni tí ó bá fi owó wọn epo ní àsìkò tí iye owó ń yí padà yóò dá àtúntò tí ó dára lẹ́bi nígbà tí epo bá wọ́n, yóò sì yin èyí tí kò dára nígbà tí epo bá dínwó.

Lórí gbogbo èyí ni ìfẹ́ inú ènìyàn tún wà. Mẹkáníìkì tí ó gba owó iṣẹ́ náà ni ó tún ń dájọ́ iṣẹ́. Awakọ̀ tí ó san owó kò sì fẹ́ gbà pé òun ti ná an dànù. Ẹni méjèèjì wá jókòó sínú ọkọ̀ kan náà, wọ́n ń retí ohun kan náà. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹjọ́ yìí tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni méjì ni ó wà níbẹ̀, ẹnu kan náà ni wọ́n sì ń sọ.

5. ÒṢÙWỌ̀N NÍLÉ ÀTI LẸ́YÌN ODI

Àwọn kan lè sọ pé ìwọ̀n irú èyí jẹ́ ti ilẹ̀ òkèèrè, pé kò bá ìṣe àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà mu. Ọjà Ìkọ̀tún fúnra rẹ̀ ta ko èrò yìí. Kò sí ẹni tí í ra gàrí nítorí pé ẹni tí ó ń tà á sọ pé ó pọ̀. Kóńgò ni ó máa ń wà láàárín wọn. Oníbàárà a máa wo ìdí kóńgò bóyá wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ wọnú, a sì máa wo bí ọwọ́ ẹni tí ó ń bù ú ṣe rí. Kì í ṣe àbùkù fún ìyálọ́jà pé wọ́n wo kóńgò rẹ̀; bí ọjà ṣe rí nìyẹn. Ohun tí ó ya ni lẹ́nu ni pé ẹni tí ó fi gbogbo ojú wo kóńgò gàrí yóò kọjá sí abẹ́ àtíbàbà tí kò jìnnà síbẹ̀, yóò sì san iye owó tí ó ju ti gàrí lọ ní ìlọ́po púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ó ń tajà.

Àṣà tún ní ẹ̀kọ́ tí ó jinlẹ̀ ju ti ọjà lọ. Nígbà tí ènìyàn bá lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́dọ̀ babaláwo, kì í sọ ohun tí ó bá wá fún un. Owó ni ó ń sọ ọ́ sí wúyẹ́wúyẹ́. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fi ìbò bèèrè bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tí ó wá bèèrè ni ó ń pa ìbò mọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì, láìjẹ́ kí babaláwo mọ èyí tí ó wà níbì kan. Ohun yòówù kí ènìyàn gbà gbọ́ nípa Ifá, ìlànà tí ó wà nínú ìṣe yìí hàn gbangba: ẹni tí yóò sọ èsì kò gbọdọ̀ mọ ibi tí ìfẹ́ oníbèérè tẹ̀ sí. Àwọn tí ń dán oògùn wò ní ilé ìwòsàn ńláńlá lóde òní ń tẹ̀lé irú ìlànà bẹ́ẹ̀. Aláìsàn àti dókítà kì í mọ ẹni tí ó gba oògùn gidi títí iṣẹ́ yóò fi parí. Àwọn tí wọ́n ṣètò ìbò ti mọ̀ pé ìfẹ́ inú a máa ba ẹ̀rí jẹ́.

Lẹ́yìn odi náà, òwò ni ó bí òṣùwọ̀n ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí James Watt ń ta ẹ́ńjìnnì alágbára ooru omi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, ẹṣin ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń lò. Ó fi iṣẹ́ ẹṣin ṣe ìwọ̀n, ó sì fi í sí gbígbé 33,000 pọ́n-ùn sókè ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí ó ń tajà ni ó dá òṣùwọ̀n náà sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gbé e síta kí ẹlòmíràn lè fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún 1821, Gaspard de Prony ní ilẹ̀ Faransé ṣe ohun èlò kan tí ó ń fún ọ̀pá ẹ́ńjìnnì mọ́ra bí búréèkì, tí ó sì ń fi ẹrù wọn bí ó ṣe ń jà. Òun ni bàbá ńlá ẹ̀rọ dynamometer tí wọ́n fi ń wọn agbára ọkọ̀ lónìí. Ìlànà J1349 ti ẹgbẹ́ SAE ní Amẹ́ríkà tún sọ pé kí wọ́n ṣírò àbájáde padà sí ojú ọjọ́ kan pàtó, 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ẹni tí ó wọn tirẹ̀ nínú òtútù má baà gba ìyìn tí kò tọ́ sí i.

Nígbà tí àwọn tí ó ní irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ yẹ ìlérí àwọn oníṣòwò wò, èsì rẹ̀ kọ́ni lọ́gbọ́n. Ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń mójú tó àyíká, EPA, ti yẹ ohun èlò tí ó lé ní 100 wò, tí àwọn tí ń tà wọ́n ní wọn ń dín epo kù. Díẹ̀ péré ni wọ́n rí pé ó ṣe ìrànwọ́, ìrànwọ́ náà kò sì tó nǹkan. Lára wọn tilẹ̀ lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ó dájú pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ra ohun èlò wọ̀nyẹn ti gbọ́ pẹ̀lú etí ara wọn pé ọkọ̀ wọn ti jí.

6. ÒṢÙWỌ̀N TÍ Ó ṢEÉ ṢE LẸ́BÀÁ Ọ̀NÀ

Kì í ṣe gbogbo mẹkáníìkì ni ó lè ra ẹ̀rọ dynamometer, kò sì pọn dandan. Awakọ̀ dánfó tí ń ná ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́ ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ìwádìí ń wá tí wọn kò rí: ọ̀nà kan náà, ẹrù tí kò yàtọ̀ púpọ̀ síra, àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìrìn. Ohun tí ó kù fún un ni ìwé àti bírò.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni bí yóò ṣe mọ iye epo tí ó lò. Kíkún táǹkì dé ẹnu kì í rí bákan náà ní ìgbà gbogbo, ó lè fi lítà kan yàtọ̀. Bí ènìyàn bá wọn lítà 10 péré, àṣìṣe lítà kan jẹ́ mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí ó tó láti bo èrè tí wọ́n ń wá mọ́lẹ̀, tàbí láti dá èrè tí kò sí sílẹ̀. Bí ó bá wọn lítà 200 láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, àṣìṣe kan náà di ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Awakọ̀ tí ń ra epo díẹ̀díẹ̀ kò ṣòfò níhìn-ín. Bí ó bá ti kún táǹkì ní ìbẹ̀rẹ̀ tí ó sì tún kún un ní ìparí, ó lè máa rà á bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ láàárín méjèèjì, kí ó ṣáà ti kọ gbogbo lítà sílẹ̀. Ilé epo kan náà ni ó yẹ kí ó máa lò. Bí fáńpù ibẹ̀ bá tilẹ̀ ń dín in kù, bí ìdínkù náà kò bá ti yí padà, kò lè ba ìfiwéra jẹ́.

Ìṣòro kejì ni bí yóò ṣe ya iṣẹ́ àtúntò sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ òjò, iṣẹ́ ọ̀nà àti iṣẹ́ ìfẹ́ inú. Ìlànà mẹ́ta ni ó lè ràn án lọ́wọ́. Èkíní ni pé kí ó tún gbogbo ohun tí ó ń ṣàìsàn ṣe kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n, nítorí pé púlọ́ọ̀gì tuntun tí wọ́n fi sí ọkọ̀ ní ọjọ́ kan náà tí wọ́n ṣe àtúntò yóò gba ìyìn fún ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí kí ó fi ìyìn tirẹ̀ fún ẹlòmíràn. Èkejì ni ìpadàsẹ́yìn: kí ó wọn ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú àtúntò, ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú àtúntò, kí ó sì dá ọkọ̀ padà sí ipò àtijọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn. Bí èrè náà bá lọ nígbà tí àtúntò lọ, ó ṣeé ṣe kí àtúntò ni ó ni ín. Bí èrè náà kò bá lọ, ibòmíràn ni ó ti wá. Ẹ̀kẹta ni ìlànà ìbò: níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, kí ọ̀gá ṣe iṣẹ́ náà láìsọ ọ̀sẹ̀ tí ó ṣe é fún ẹni tí yóò wa ọkọ̀. Kò rọrùn pẹ̀lú katalíìsì, nítorí pé ariwo yóò tú àṣírí.

Àtakò kan wà tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn àtúntò kan kò ṣeé dá padà. Irin tí wọ́n ti há kì í tún hù, katalíìsì tí wọ́n sì ti gé tà kì í padà wá. Fún irú èyí, ọkọ̀ ẹlẹgbẹ́ ni ó yẹ: ọkọ̀ kejì tí ó jọ ọ́, tí ó ń ná ọ̀nà kan náà, tí wọn kò fọwọ́ kàn. Bí òjò bá rọ̀, yóò rọ̀ sórí méjèèjì. Ìyàtọ̀ tí ó bá yọ láàárín wọn lẹ́yìn àtúntò, tí kò sí níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ni ó yẹ ní gbígbé yẹ̀ wò. Àwọn awakọ̀ tí ó wà nínú ẹgbẹ́ kan náà ní páàkì kan náà lè ṣe èyí fún ara wọn láìná kọ́bọ̀.

Àtakò kejì ni pé awakọ̀ kò ní àkókò láti máa kọ ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ iye tí yóò kó fún olówó ọkọ̀, iye tí àgbèrò gbà ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan àti iye tí ó kù fún un lálẹ́ ti ń ṣe ìṣirò tẹ́lẹ̀. Lítà àti kìlómítà ni iye méjì péré tí yóò fi kún un. Bí kò bá kọ wọ́n, kò já mọ́ àìní àkókò nìkan. Èdè tí ó bá lábẹ́ àtíbàbà kò bi í léèrè wọn rí.

7. ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé ìdájọ́ lórí àtúntò ẹ́ńjìnnì ní Alímọ̀ṣọ́ ń jìyà èdè kan tí ó pa àtúnṣe àti àtúntò pọ̀. Etí tí ó mọ àìsàn kò di etí tí ó mọ èrè nípa bẹ́ẹ̀. Ariwo, ẹsẹ̀, ọwọ́ géèjì, òwúrọ̀ tútù àti iye owó epo ni wọ́n máa ń jẹ́rìí, ẹ̀rí wọn kì í sì í ṣe lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n pè wọ́n sí.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ka èyí sí ìtàbùkù fún àwọn mẹkáníìkì. Alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Lára àwọn àtúntò tí wọ́n ń ṣe, ó dájú pé àwọn kan lérè. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni àìsí òṣùwọ̀n ń rẹ́ jẹ jù lọ, nítorí pé ní ọjà tí kò ní kóńgò, ẹni tí ó bu gàrí rẹ̀ kún àti ẹni tí ó bù ú lábọ̀ ń gba iye kan náà. Awakọ̀ tí ó kọ lítà rẹ̀ sílẹ̀ yóò mọ ọ̀gá tí ó yẹ kí ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá tí iṣẹ́ rẹ̀ bá sì dúró lójú ìwé yóò lè dáhùn nígbà tí wọ́n bá bi í pé: 'Mélòó?'